Ihò Tí N Kò Lu Sára Irin

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ni òkò rẹ̀ ń bá. Èmi kò sọ òkò. Oòrùn ni mo sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó sì bà, lójú.

N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò sì ní yára, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo yára kọ sínú ìwé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan wà ní Kalley, àdúgbò wa, tí gbogbo agboolé mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣi iṣẹ́. Mo kọ ìwé kan tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà pé kò gbọ́ràn, pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣe é. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀.

Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé kan tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìdajì yòókù Zarma, àwọn ọmọ ìlú náà. Ilé ìwé Faransé ni mo lọ. Lásìkò tí mò ń wí yìí, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, owó yùréníọ́mù tí wọ́n ń wà lápá aginjù sì ti ń wọlé. Ẹ ò rí bí ìlú ṣe ń ga! Wọ́n á wó ilé alámọ̀ lónìí, kí oṣù mélòó kan tó yí po, ilé alájà ti yọrí níbẹ̀. Ìjọba ń wá ohun tí yóò fi han ayé pé àwa náà mọ ẹ̀rọ. Èmi mọ àwòrán ẹ̀rọ yà. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń kó oòrùn jọ di iná.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ mú igbá ràgàjì kan, ẹ fi dígí wẹ́wẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sí oòrùn. Gbogbo ìtànṣán tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á jọ lọ sí ojú kan ṣoṣo níwájú igbá náà. Ẹ gbé ìkòkò kọ́ síbẹ̀, omi á hó láìsí igi, láìsí èéfín. Abọ́ ni àwa ń pè é. Iṣẹ́ tèmi ni láti ya irin tí yóò gbé abọ́ náà dúró, torí oòrùn kì í dúró sójú kan. Láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ó ń lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Èyí rọrùn, ọwọ́ la fi ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù dé oṣù, ó tún ń rìn láti apá gúúsù bọ̀ lókè orí wa. Nítorí ìrìn kejì yìí, mo ya irin kan tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, mo lu ihò méje sí i, èèkàn irin kan sì ń wọ inú ihò náà. Bí oṣù bá ti ń yí, ẹ ó yọ èèkàn, ẹ ó gbé abọ́ sí ihò tó kàn. Ihò kìíní wà fún ìgbà ọyẹ́. Ní ihò keje, abọ́ á dojú kọ àárín sánmà gan-an. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí.

Ìwé tí mo fi ṣe ìṣirò, ìlú Faransé ni wọ́n ti kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo ọdún, bí ọ̀sán bá pọ́n, apá gúúsù ni oòrùn ń wà. Ní Niamey, bí ooru bá mú tán tí òjò ń bọ̀, oòrùn ọ̀sán á ré orí wa kọjá lọ sí apá àríwá, á sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó padà. Ẹ má wí pé n kò mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbé ẹní ìyá mi láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà ooru, nítorí òjìji ti ṣí kúrò. Ara mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú pẹ́ńsùlù, ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni mo kà sí ìmọ̀. Ẹní ìyá mi, n kò kà á sí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Aláró ni. Àwọn oníṣòwò máa ń kó aṣọ gíníì funfun wá bá a, á pa á láró sí búlúù, sí àwọ̀ ewé, sí àwọ̀ obì. Omi híhó ni wọ́n fi ń po aró tó ń lò, nítorí náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èéfín ni. Ó máa ń ní ojú òun ti mu èéfín ju ẹja gbígbẹ lọ. Nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí a wá ilé kan nínú ìlú tí a ó ti dán abọ́ àkọ́kọ́ wò, ilé Ìyá Àgbà ni mo dá. Ìfẹ́ ni mo fi dá a o. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ sinmi.

Ìgbà ọyẹ́ la gbé e dé, a sì fi sìmẹ́ńtì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àgbàlá. Gbogbo ilé jáde. Ìyàwó alápatà, obìnrin Zarma tó ti bá wa gbé títí tí Yorùbá fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, yí abọ́ náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé rédíò ni, àbí ẹ fẹ́ máa gbọ́ ohun tí àwọn ará inú òṣùpá ń sọ?"

"Omi ló ń sè," mo ní.

"Níbo ló ń ki igi bọ̀?"

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo irin, ó tún ń wo ògiri ilé.

"Ọmọ mi, ibo ni kiní yìí ó máa kọjú sí?"

"Apá gúúsù ni, Ìyá Àgbà. Bí oṣù bá ń lọ, á máa gbójú sókè."

"Nígbà ooru ńkọ́? Ìdí ògiri níhìn-ín ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí nígbà ooru, nítorí pé láti ẹ̀yìn ilé ni oòrùn ti ń wá. Ǹjẹ́ ó lè yíjú sẹ́yìn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí lónìí. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àgbà. Ìwé ti ṣírò gbogbo rẹ̀."

"Ìwé náà ti gbé Kalley rí ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Àgbà," ìyàwó alápatà ní. "Ànásárà dúdú ni ọmọ yín." Ànásárà ni Zarma ń pe òyìnbó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé oyin ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí mi nígbà yẹn.

Abọ́ náà ṣiṣẹ́. Kí ni kí n sọ? Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Oṣù kan, oṣù kejì, oṣù kẹta, omi ń hó. Àwọn obìnrin láti agboolé mìíràn ń wá wò ó, wọ́n ń bi mí ìgbà tí tiwọn yóò dé. Ìyá Àgbà hú òkúta ààrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó wọn jù sí ẹ̀yìn ilé. Ọ̀gá wa gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún àwọn tó wà lókè rẹ̀. Àwọn náà ní kí a ṣe ogún irú rẹ̀, pé àwọn ọ̀gá sójà ń bọ̀ wá wò ó bí òjò bá dáwọ́ dúró. Ọ̀gá fọwọ́ sí àwòrán mi, a gbé e lọ fún àwọn tó ń jó irin ní Lazaret, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Oṣù kárùn-ún ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀sán gangan ni mo dé. Èèkàn wà nínú ihò keje, oòrùn ń jó wa lórí bí iná alágbẹ̀dẹ, omi inú ìkòkò kò sì ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ojú iná tó yẹ kó bọ́ sí ìdí ìkòkò, etí ìkòkò ló ń jó, ó sì ń sá lọ síta. Ojú mi rí i kí ọkàn mi tó gbà. Oòrùn ti ré kọjá.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ: kí n jó irin kún ìdí ọrun yẹn, kí n lu ihò kan tàbí méjì sí i, kí abọ́ lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kọjú sí apá àríwá. Ṣùgbọ́n bí mo bá lu ihò sí tilé Ìyá Àgbà, dandan ni kí n sọ fún ọ̀gá pé àwòrán tó fọwọ́ sí kò pé, nígbà tí wọ́n ti jó irin méjìlá nínú ogún. Nígbà sójà, ìròyìn burúkú kì í gun àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ pé ẹ̀rù nìkan ni, mo tún purọ́: ojú tún ń tì mí.

Mo bá yọ èèkàn. Mo fi ọwọ́ ti abọ́ kọjá ihò keje, mo wá ọmọ odó kan, mo fi í ti abọ́ náà. Ojú iná padà sí ìdí ìkòkò, omi sì hó.

"Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀," mo wí. "N ó wá tún un ṣe."

"Ṣé kò ní yọ̀?"

"Kò lè yọ̀, Ìyá Àgbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí orí tó nípọn wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ mọ́kànlá. Lójoojúmọ́ ni mo ń jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rí ìdí tí kò fi yẹ kí n sọ ọ́ lónìí. Ní ọjọ́ kọkànlá, afẹ́fẹ́ eléruku tó máa ń ṣáájú òjò jà. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ síbi ìkòkò, ó ń ro aró. Ọmọ odó yọ̀. Abọ́ náà fì padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú iná náà sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ìyàwó alápatà ló gbé e dìde.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jiná, ó fi àpá sílẹ̀. Ojú ọ̀tún kò mọ́ mọ́. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan láti inú omi ògì.

Ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé òun ló yọ èèkàn?"

"Òun ni, ọ̀gá."

"Ṣé ó wà nínú ìlànà lílò pé wọ́n lè yọ èèkàn láìfi í sí ihò?"

"Kò sí níbẹ̀, ọ̀gá."

"Ó dáa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tẹ̀ka sí i."

Kò bèèrè ẹni tó sọ fún un pé kó yọ ọ́. N kò sì sọ. Mo kọ ọ́ pé ó yọ èèkàn, pé kò fi í sí ihò kankan, pé ìlànà kò sì gbà á láyè. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti lágbára.

Mo gbé e lọ bá a nílé ìwòsàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì dí ojú ọ̀tún. Kò mọ Faransé, kò sì mọ̀wé.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní abọ́ náà yẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní kí ẹ pẹ̀lẹ́."

"Bóyá orí ọmọ odó ni mo fi sódì," ó ní. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń kánjú. N kò rántí èyí tó wà nísàlẹ̀."

Mo lè sọ níbẹ̀ pé: Ìyá Àgbà, kì í ṣe ọmọ odó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́ sí tàdáwà. Ìka náà ti búlúù fún aró láti ọdún pípẹ́, tàdáwà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lára rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wa wá hú abọ́ náà kúrò, gbogbo àgbàlá ni wọ́n sọ ọ́ fún, ní Zarma, ní Hausa: ìyá yìí ló tú u láìgbàṣẹ, ó sì ti tẹ̀ka sí i. Ẹnikẹ́ni kò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ abọ́ mọ́ níbi iṣẹ́ wa. Ogún yẹn di irin ìpàǹtí. Àwọn obìnrin tó ti ń retí tiwọn wá mọ ẹni tí wọn ó dá lẹ́bi. "Nítorí ẹnì kan tí kò gbọ́ràn, a ó máa fín èéfín lọ." Mo gbọ́ ọ létí ara mi, lẹ́nu ìyàwó alápatà, nígbà tí Ìyá Àgbà ń ri òkúta ààrò rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí ẹ̀gbẹ́ òkúta wà.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ojú kan pa aṣọ láró. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ sanwó kó lè lọ sí Mẹ́kà. Ẹ mọ bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá ń lọ á kọ́kọ́ lọ láti ilé dé ilé, á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá rò pé òun ṣẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, oúnjẹ wà níwájú mi, Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú ìborùn funfun. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo jókòó, ni òun bá kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà! Kí lẹ ń ṣe?"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ nítorí abọ́ ìjọba. O fi bí mo ṣe máa fi ọmọ odó tì í hàn mí, n kò ṣe é dáadáa. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, mo ba ti àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi jẹ́. N kò fẹ́ gbé e dé ọ̀hún. Dárí jì mí."

Ọlọ́run ló mọ ohun tí èèyàn jẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Mo ti dárí jì yín, Ìyá Àgbà."

Ó dúpẹ́. Ó dìde, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ń lọ sódì kejì odò, sí Kirkissoye, ẹnì kan ṣì kù níbẹ̀. Ó jáde. Mo wo oúnjẹ náà títí eṣinṣin fi bò ó. Mo bá dìde, mo sáré.

Àárín afárá ni mo ti bá a, ó ń rìn létí irin, ó yí ojú tó mọ́ sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ dúró."

"Kí ló dé? O fẹ́ gba àforíjì rẹ padà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

Ó rò pé àwàdà ni, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ihò méje, mo sọ ti ìwé Faransé, mo sọ ti ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ní bí ó ti wù kó gbé ọmọ odó náà, kò sí ọmọ odó tó yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ìwé tí mo tẹ̀ka sí," ó ní. "Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?"

Mo kà á fún un láti orí, ní Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, bó ti yẹ kí n kà á nílé ìwòsàn. Ràkúnmí kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ẹrù igi. A dúró dè é kó kọjá.

"Ọdún méjì ni mo fi ń wo ọmọ odó," Ìyá Àgbà ní. "Bí mo bá gún ata tán, màá gbé e sọ́wọ́, màá yí i sókè, màá yí i sílẹ̀, màá máa bi ara mi pé èwo ló wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí afárá. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá.

"Ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá Àgbà."

"Ibi tí mò ń lọ, n kò gbọdọ̀ gbé irọ́ dé ibẹ̀. Bí mo bá ní mo ti dárí jì ẹ́ nísinsìnyí, irọ́ ni." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ilé mẹ́sàn-án ni mo ti wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí tìrẹ, tí mo kúnlẹ̀ pé èmi ni mo ba abọ́ jẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ pàápàá. Lọ bá mi gba ìkúnlẹ̀ mi padà."

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé. Kò lọ sí Kirkissoye mọ́.

Mo wọ ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọ̀dọ̀ ìyàwó alápatà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo bẹ̀rù jù. Ó ń yan ẹran. Ó gbọ́ ọ tán, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbogbo bí mo ṣe ń bú u, o jókòó níbẹ̀, o ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́."

"Ànásárà dúdú," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹran sílẹ̀ lórí iná, ó gba yàrá Ìyá Àgbà lọ.

Ọ̀gá ló gbẹ̀yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé kí n má hú òkú. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ìwé mìíràn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó fi í sínú dúróà, n kò sì mọ̀ bóyá ó kúrò níbẹ̀ rí. Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé mi kúrò nídìí tábìlì àwòrán lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ìyá Àgbà padà dé, ó di Alhaja. Èrò pọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, gbogbo wọn ń dì mọ́ ọn. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Mo ti wọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Ìyá Àgbà."

"Mo gbọ́," ó ní. "Wá lọ́la. Ìdúró ni mo fi gbọ́ ọ lórí afárá. Mo fẹ́ jókòó gbọ́ ọ."

Mo lọ. Ó tẹ́ ẹní, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí, kí n má sì fò. Mo sọ ọ́ láti ihò kìíní dé orí ìka rẹ̀ lára ìwé. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n jẹun kí n tó máa lọ. Mo jẹun. Kò sọ ohun tí mo wá gbọ́, n kò sì bèèrè.